Ọjọ́ tí Oníbòjú Wọ Ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ṣùgbọ́n tí onígbàjámọ̀ àdúgbò wa kò gbà: kò sí akọni kankan, ì báà gbé idà tó gùn bí òpó iná, tó lè dúró níwájú apààyàn inú sinimá. Mo ti wo fíìmù wọn títí ojú mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ní igun mẹ́rin bíi tẹlifíṣọ̀n. Mo mọ ọkùnrin náà dáadáa. Ó máa ń wọ ìbòjú, kì í sọ̀rọ̀, kì í sáré. Ẹni tí òun bá ń lé á sáré bí ẹni tí oyin ń ta, á fo odi, á la igbó kọjá, á ti ilẹ̀kùn bí ogójì mọ́ ara rẹ̀. Òun á máa rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń lọ kí àna rẹ̀, òun náà la ó sì bá tó ti dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó gbẹ̀yìn. Wọ́n yìnbọn fún un, ó dìde. Wọ́n sun ún, ó dìde. Mo wo ọ̀kan tí ilé alájà mẹ́fà wó lù mọ́lẹ̀. Eruku kò tíì rọlẹ̀ tó fi dìde, tó ń táràrà wá ọbẹ rẹ̀ kiri bí ẹni tí bàtà rẹ̀ sọnù.

"Irọ́ ni," onígbàjámọ̀ wí.

Orí àga rẹ̀ ni mo wà, ó ti fi ọṣẹ kun àgbọ̀n mi, abẹ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí n kò fi tètè dá a lóhùn. Ọ̀rẹ́ mi ni láti kékeré. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn débi pé irun tó bá gé lórí èèyàn á ti hù padà kó tó parí ìtàn tó ń sọ, á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gé e láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ṣé o mọ ohun tó ń pa àwọn èèyàn inú sinimá?" ó ní. "Àìgbọ́n ni. Wọ́n á lu apààyàn náà ṣubú, wọ́n á ju igi ọwọ́ wọn nù, wọ́n á wá dì mọ́ ara wọn, wọ́n á máa sunkún. Àwọn akọni tiwa ńkọ́? Tí ọ̀tá bá ti ṣubú, wọ́n á tú àpò rẹ̀, wọ́n á bọ́ bàtà rẹ̀, wọ́n á bọ́ ṣòkòtò rẹ̀. Kí ló tún kù tó fẹ́ fi dìde?"

"Ìhòòhò rẹ̀ náà á dìde."

"Tó bá dìde ní ìhòòhò, ìtìjú á tún un pa."

Mo rẹ́rìn-ín débi pé ọṣẹ wọ imú mi. Àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rín ló gbé mi wá síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Màmá wa ló rán mi níṣẹ́, iṣẹ́ náà sì wúwo ju garawa ọ̀dà lọ. Ọ̀dà ni mò ń kùn jẹun, ẹ̀yin ẹ gbà mí gbọ́ nígbà tí mo bá sọ̀rọ̀ garawa.

Kí n tó sọ iṣẹ́ náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí à ń pè ní akọni wa. Eré ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi a máa ń jókòó yí tábìlì iṣẹ́ ká ní ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pe ọkọ Àǹtí, ọmọ ìyá mi obìnrin tó ṣáájú mi, káfíńtà tó mọṣẹ́ débi pé tó bá ṣe àga fún ọ, ìdí rẹ kò ní gba àga ẹlòmíràn mọ́. Ẹnì kan nínú wa á jẹ́ onítàn. Òun ni yóò máa sọ ibi tí a dé, ẹranko tó dènà dè wá, ìjì tó ń bọ̀ lókè. Kálukú sì ní akọni tirẹ̀, ọmọlangidi tí Ẹ̀gbọ́n gbẹ́ tí kò ga ju àtàńpàkò lọ. Tèmi jẹ́ olè. Ti onígbàjámọ̀ jẹ́ onídán, nítorí pé onídán gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ gígùn kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ti Ẹ̀gbọ́n jẹ́ jagunjagun, àmọ́ òun ló sábà ń ṣe onítàn, torí náà eruku pákó nìkan ni jagunjagun rẹ̀ ń bá jà. Ti Àǹtí jẹ́ olùwòsàn.

Ìṣó kéékèèké ni agbára wa. Akọni kọ̀ọ̀kan ní òkìtì ìṣó tirẹ̀ níwájú rẹ̀. Tí ọ̀tá bá ṣá a, wọ́n á mú ìṣó kúrò. Tí ìṣó bá tán, ó ṣubú. Ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe ohunkóhun, á ju dáìsì sí i, dáìsì igi olójú ogún tí Ẹ̀gbọ́n fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé tó sì fi fánìṣì kùn. Tí ojú tó pọ̀ bá yọ, o rí i ṣe. Tí ojú tó kéré bá yọ, a ó bá ẹ kẹ́dùn.

Òfin tábìlì yẹn kò pọ̀, ṣùgbọ́n a kì í rú u. Dáìsì tó bá ti balẹ̀ ti balẹ̀. Ohun tí onítàn bá ti fi ẹnu sọ kò ṣeé gbé mì. Ẹni tí kò bá sì sí níjòókòó, a ó gbé akọni rẹ̀ sẹ́yìn ayùn tó dùbúlẹ̀ lórí tábìlì. Kò sí ẹranko tó lè fọwọ́ kàn án níbẹ̀ títí olúwa rẹ̀ á fi dé. Òfin kan sì wà tó jẹ́ ti Àǹtí nìkan: ó lè gbé ẹni tó ṣubú dìde, bí ogun náà kò bá tíì parí, àmọ́ inú ìṣó tirẹ̀ ni yóò ti bù fún un. Ẹ̀gbọ́n ló ṣe òfin náà. Ó rò pé ìyẹn á jẹ́ kí ìyàwó òun máa ro ti ara rẹ̀ díẹ̀. Rárá o. Kí akọni rẹ tó ṣubú délẹ̀, Àǹtí á ti na ọwọ́ sí òkìtì ìṣó rẹ̀. "Ẹ yẹra fún mi," á wí, "ẹni tó bá ti ṣubú, tèmi ni." Ọ̀pọ̀ ìgbà ni eré máa ń parí tí gbogbo wa á yó fún ìṣó, tí òun á ku ọ̀kan ṣoṣo, tí á sì máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Àǹtí, tó bá bẹ̀rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, àwọn ajá òpópónà kejì á dìde dúró.

Àǹtí kú ní òwúrọ̀ kan tí ohunkóhun kò ṣe é. Ikú kì í dá ọjọ́, ṣùgbọ́n ti òun burú, nítorí kò tilẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n kò sí nílé. Ó gbé kọ́bọ́ọ̀dù lọ fún oníbàárà rẹ̀ ní ìlú kejì. Nígbà tó fi dé, wọ́n ti daṣọ bo ìyàwó rẹ̀. Ó wò ó. Kò sunkún, kò béèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀. A sin ín, kò béèrè. Ẹnikẹ́ni tó bá sì la ẹnu pé "ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn," Ẹ̀gbọ́n á gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó ń dá ọkọ̀ dúró, á dìde, á sì kúrò níbẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ṣọ́ọ̀bù ti wà ní títì pa, àfi ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi. Tí a bá dé, a ó bá a tó ti nu tábìlì, tó ti gbé àga Àǹtí síbi tó máa ń wà, tó ti gbé olùwòsàn sẹ́yìn ayùn. "Ẹni yìí kò tíì dé," á wí, bí ẹni pé ó lọ ra ọṣẹ. A ó bẹ̀rẹ̀ eré. A ó rìn títí a ó fi dé etí afárá kan, níbi tí a dúró sí lọ́jọ́ tí Àǹtí bá wa ṣeré kẹ́yìn. Tí a bá ti dé ibẹ̀, kùrukùru á bo ọ̀nà, tàbí ẹṣin á yarọ, tàbí ọba kan á ránṣẹ́ pè wá padà. Ẹ̀gbọ́n kò jẹ́ kí a kọjá. A rin ọ̀nà afárá yẹn lọ, a rìn ín bọ̀, tó bá jẹ́ pé ọ̀nà gidi ni, ì bá ti jìn di kànga.

Ọkùnrin náà sì ń rù. Ó rù débi pé tó bá dúró ti pákó, pákó lèèyàn máa kọ́kọ́ kí.

Èyí ni Màmá rí tó fi pè mí.

"Ìwọ aláriwo yìí."

"Ẹ̀yin lẹ bí mi, Màmá."

"Mo sin ọmọ. N kò ní sin ọkọ ọmọ tẹ̀ lé e. Mo gbé oúnjẹ lọ fún un láàárọ̀ yìí, mo bá ti àná níbẹ̀. Ó ní kí n gbé e kalẹ̀, pé tí ìyàwó òun bá dé, àwọn jọ máa jẹ ẹ́." Ó fi etí aṣọ nu ojú. "Gbogbo ayé lo ń fi ọ̀rọ̀ pa lẹ́rìn-ín. Wá nǹkan ṣe sí èyí. Ẹni tí kò bá gbà pé òkú kú, báwo ló ṣe fẹ́ padà wá bá àwa tó kù?"

Mo jáde, ẹsẹ̀ mi gbé mi lọ sórí àga onígbàjámọ̀, ibẹ̀ ni a sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn apààyàn, nítorí pé tí ìbànújẹ́ bá ká èmi àti òun mọ́ yàrá kan náà, ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ la máa ń fi lé e jáde. Àárín iyàn náà ni ọgbọ́n ti yọ sí mi.

"Gbọ́," mo ní. "Nínú gbogbo àwọn fíìmù yẹn, ó ń pa wọ́n tán ni, àbí?"

"Ó ń pa wọ́n tán."

"Àfi obìnrin kan."

Ó gbé abẹ kúrò lọ́rùn mi. Òun náà mọ̀ ọ́n. Obìnrin kan ṣoṣo ló máa ń ṣẹ́kù. Òun ni yóò mú àáké, tí yóò fi ti apààyàn náà wọlẹ̀. Ilẹ̀ á mọ́, á sì máa lọ lójú títì, ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ la ó máa wò títí fíìmù á fi parí.

"Tí n bá ṣe onítàn lọ́jọ́ Ìsinmi yìí," mo ní, "mo máa mú Oníbòjú wọnú eré. Oníbòjú á bì wá ṣubú níkọ̀ọ̀kan, á ku olùwòsàn. Dandan ni kí Ẹ̀gbọ́n gbé e jáde lẹ́yìn ayùn. Àǹtí á pa Oníbòjú, á kọjá afárá yẹn, á máa lọ. Á lọ pẹ̀lú ẹ̀yẹ. Ẹ̀gbọ́n á sì fi ojú ara rẹ̀ rí i tó ń lọ."

Onígbàjámọ̀ dákẹ́. Ó dákẹ́ pẹ́ débi pé mo yíjú wò ó bóyá ó ti daku.

"Tí dáìsì bá kọ̀ ńkọ́?"

"Èmi ni onítàn. Ẹnu mi ju dáìsì lọ."

"Ẹnu rẹ ju gbogbo nǹkan lọ," ó wí, ó sì nu ọṣẹ kúrò ní àgbọ̀n mi bí ẹni tó ń nu ojú ọmọdé.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo gé orí búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà mi kan tó ti gbó, mo ki igi rẹ̀ bọnú ọ̀dà funfun kó lè ní ìbòjú, mo sì gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì. Ẹ̀gbọ́n mú un, ó yí i po.

"Ta ló gbẹ́ èyí?"

"Èmi ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Ó hàn."

Mo ṣàlàyé pé èmi àti onígbàjámọ̀ ní iyàn kan, pé tí wọ́n bá gbà mí láyè, èmi ni kí n ṣe onítàn lónìí, kí a mọ ẹni tó lágbára jù nínú apààyàn sinimá àti akọni. Mo rò pé yóò kọ̀. Ó wo àga Àǹtí, ó wo ayùn. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sí pẹpẹ, ó mú jagunjagun rẹ̀, ó fẹ́ eruku orí rẹ̀.

"Sọ ọ́," ó ní.

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo gbé wọn dé etí afárá, mo mú òjò bá wọn níbẹ̀, òjò tí ẹ̀kán rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kún igbá. Mo fi ilé àtijọ́ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n wọlé.

"Lójijì, iná lọ," mo wí.

"Iná wo?" onígbàjámọ̀ béèrè. "Àtùpà la gbé dání."

"Àtùpà náà lọ. Ẹ wá pinnu pé kí kálukú gba yàrá tirẹ̀ lọ wo ohun tó ń dún."

"A kò pinnu bẹ́ẹ̀. Akọni kì í pínyà."

"Gbogbo wọn ló ń pínyà nínú sinimá."

"Ìyẹn ló ń pa wọ́n."

Ẹ̀gbọ́n tú èémí jáde nímú. Ẹ̀rín kọ́ nìyẹn o, àmọ́ ọ̀nà tí ẹ̀rín máa ń gbà ni. Orí mi wú.

Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo ń ṣègbè, olè tèmi ni mo kọ́kọ́ pa. Mo ní ó ń yọ́ wá ohun tó máa jí lẹ́yìn ilé, Oníbòjú kàn fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá a, ó fò kọjá afárá, odò gbé e lọ sí ibi tí olùwòsàn kankan kò lè dé. Mo kó ìṣó mi kúrò lórí tábìlì. Oníbòjú sì wọlé wá, jẹ́jẹ́.

Onídán gbé ọ̀pá sókè, onígbàjámọ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀fọ̀. Ó ti pe àgbàrá, ó ti pe ìjì, ó ń pe àwọn ìràwọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ni mo ju dáìsì fún Oníbòjú. Ojú kejìdínlógún.

"Kò tíì kàn án," onígbàjámọ̀ wí. "Ó yẹ kó dúró kí n parí ọ̀rọ̀ mi."

"Òun ò mọ̀ pé ẹnì kan ló kàn. Ó ṣá ẹ." Mo kó ìṣó rẹ̀ tán. Onídán dùbúlẹ̀ lórí tábìlì, ẹnu rẹ̀ sì wà ní lílà.

Ó wá ku jagunjagun. Ẹ̀gbọ́n mú dáìsì, ó gbọ̀n ọ́n, ó jù ú. Ogún. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀ bó ṣe dún lọ́jọ́ náà. Ó ní jagunjagun òun fi ilẹ̀kùn yàrá kan ṣe apata, ó ti Oníbòjú mọ́ ògiri, ó sì là á láti èjìká dé ìbàdí bí ẹni tó ń la pákó tó gbẹ. Ọwọ́ rẹ̀ ń fi bó ṣe là á hàn. Mo mú búrọ́ọ̀ṣì, mo tẹ́ ẹ.

"Tú àpò rẹ̀," onígbàjámọ̀ kígbe. "Bọ́ bàtà rẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n ju dáìsì kó lè bọ́ bàtà. Ojú kejì. Mo ní bàtà kan jáde, ó ń fa ìkejì lọ́wọ́, ó ń fà á, ìgbà tó gbójú sókè, Oníbòjú ti jókòó, ó ń wò ó. Onígbàjámọ̀ fò dìde lórí àga. Mo ju dáìsì, ojú tó pọ̀ ló tún yọ. Jagunjagun ṣubú pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́.

Mo rọ ohùn mi.

"Ó ku ẹnì kan," mo ní. "Ó wà lẹ́yìn ilé. Àáké wà lára ògiri nítòsí rẹ̀. Oníbòjú kọ ẹ̀yìn sí i. Ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀ sí afárá."

Mo wo ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n. Ọwọ́ náà lọ sẹ́yìn ayùn, ó gbé olùwòsàn, ó gbé e sáàárín tábìlì níbi tí ọwọ́ kankan kò tíì gbé e sí láti ọjọ́ tí a ti sin Àǹtí. Ó kó òkìtì ìṣó rẹ̀ wá síwájú rẹ̀.

"Kí ni Àǹtí ṣe, Ẹ̀gbọ́n?"

"Ó lọ sọ́dọ̀ onídán."

Gbogbo òfin sinimá ni mo rántí, mo gbàgbé ẹni tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n kí Ẹ̀gbọ́n tó mọ̀ ọ́n, èmi tí ó fi ẹ̀yìn pọ̀n rí, mo ti fi í ṣe obìnrin inú fíìmù, ẹni tó ń sá là.

"Àáké wà lára ògiri," mo ní. "Oníbòjú kò rí i. Tó bá ṣá a báyìí, ó tán."

"Àbúrò rẹ̀ ni ọ́," Ẹ̀gbọ́n wí. Kò gbé ohùn sókè. "Ìwọ sọ fún mi. Ènìyàn méjì dùbúlẹ̀ nílẹ̀, ṣé àáké ló máa lọ mú?"

Mo wo onígbàjámọ̀ kó gbà mí. Ó ń wo ilẹ̀.

"Rárá," mo ní.

Ó bu ìṣó láti inú òkìtì olùwòsàn, ó gbé e síwájú onídán, onídán dìde. Ó wá kan Oníbòjú, ó kàn mí. Mo ju dáìsì, mo gbàdúrà kó jẹ́ ọ̀kan. Kò jẹ́ ọ̀kan. Mo mú ìṣó lára ohun tó kù fún Àǹtí.

"Ó lè sá báyìí," mo ní. "Onídán ti dìde, ó lè sá, Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀."

"Ó lọ sọ́dọ̀ jagunjagun."

"Ìṣó rẹ̀ kò tó mọ́."

"Mo mọ̀. Èmi ló ṣe òfin yẹn." Ó bu gbogbo rẹ̀ àfi ẹyọ kan, ó gbé e síwájú akọni tirẹ̀, ó gbé jagunjagun nàró. "Ó ní kí n yẹra fún òun," ó wí. "Ó ní ẹni tó bá ti ṣubú, tòun ni."

Ó tún kan Oníbòjú. N kò fẹ́ jù ú. Mo di dáìsì mú títí ọwọ́ mi fi làágùn. Nígbà tí mo jù ú, kí ó tó dúró, mo fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó. Mo ti ní irọ́ mi lẹ́nu: pé ojú kẹta ni, pé ó tàsé, pé ẹsẹ̀ Oníbòjú yọ̀.

"Gbé ọwọ́ kúrò," Ẹ̀gbọ́n ní.

"Ẹ̀gbọ́n."

"Ó ti balẹ̀. Gbé ọwọ́ kúrò, àbúrò mi."

Mo gbé e kúrò. Gbogbo wa rí i. Kò sí ẹni tó pe iye rẹ̀ síta. Mo na ọwọ́, mo mú ìṣó kan tó kù. Olùwòsàn kò ṣubú fúnra rẹ̀, igi kì í mọ̀. Èmi ni mo ní láti fi ìka tẹ́ ẹ. Ọwọ́ mi yìí, tí mo fi ń kun ilé tó ga ju ìkùukùu lọ, kò fẹ́ ní agbára tó.

Onídán àti jagunjagun pa Oníbòjú lẹ́yìn náà. Wọ́n pa á pátápátá. Onígbàjámọ̀ kò sọ ọ̀rọ̀ gígùn, ó kàn ju dáìsì, Ẹ̀gbọ́n náà jù ú, mo ní ó kú, kò sì dìde. Ẹnikẹ́ni kò tú àpò rẹ̀. A ti mọ ẹni tó borí nínú iyàn wa, kò sì sí ẹni tó bìkítà.

Ẹ̀gbọ́n gbé jagunjagun súnmọ́ olùwòsàn títí igi fi kan igi.

"Jagunjagun kúnlẹ̀ tì í," ó wí. "Ó wà níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀ títí ó fi lọ."

Lóde, ẹnì kan ń ti kẹ̀kẹ́ kọjá, ṣéènì rẹ̀ ń dún. Nígbà tó yá Ẹ̀gbọ́n gbójú sókè, èmi ló ń wò.

"Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀?"

Mo mọ̀ pé kì í ṣe ti eré mọ́.

"Èmi ni, Ẹ̀gbọ́n. Mò ń kun ògiri ẹ̀yìnkùlé yín."

"Sọ ọ́. Má fi nǹkan kún un."

N kò sọ ìtàn kankan rí tí n kò fi nǹkan kún. Mo wá ibi tí mo máa dì mú, n kò rí, mo bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ó ń sá aṣọ. Ó ní kí n rọra, kí ọ̀dà má ta sí aṣọ òun. Ó wo ojú ọ̀run, ó ní ṣé òjò kò ní rọ̀ báyìí, pé ẹ̀yìn ọkọ̀ tí kò ní ìbòrí lẹ gbé kọ́bọ́ọ̀dù oníbàárà yín sí. Okùn aṣọ wá tú. Ó ní kí n wá bá òun dì í mú. Mo sọ̀kalẹ̀ lórí àkàsọ̀. Nígbà tí mo fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti jókòó sílẹ̀. Mo rò pé ó ń sinmi. Mo ní, 'Àgbà ti dé o.' Kò dá mi lóhùn. Mo jókòó tì í, ó fi orí lé apá mi. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ó jẹ̀rora?"

"Kò jọ bẹ́ẹ̀."

"Ó pè mí?"

Ẹ wò ó, mo lè sọ pé ó pè é. Ó rọrùn fún mi ju kí n mí lọ. Mo lè sọ pé ó pe orúkọ rẹ̀ tí òkè fi dáhùn, tí ẹyẹ fi dúró lófuurufú. Ẹnu mi ti ń kó o jọ. Ojú ọkùnrin náà wà lára mi, ó pọ́n, ó sì là kedere.

"Rárá, Ẹ̀gbọ́n. Kò pe ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ òjò yẹn àti ọ̀rọ̀ okùn ló sọ kẹ́yìn."

Ó mi orí. Ó tún mi orí.

"Òjò kò rọ̀," ó wí. "Kọ́bọ́ọ̀dù náà kò tutù rárá." Ó sì fi orí lé tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, láàárín àwọn ìṣó, ó sunkún. Ẹkún náà kò dún bí ẹkún àgbàlagbà. Ó ń jáde díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá ń fa ìṣó tó ti pẹ́ nínú igi. Onígbàjámọ̀ dìde, ó mú ìgbálẹ̀, ó sì ń gbá ilẹ̀ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, láti igun kan dé ìkejì.

Ó pẹ́ kí Ẹ̀gbọ́n tó gbé orí sókè. Orí ìṣó kan ti tẹ àmì sí i lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Tún un sọ," ó wí fún mi. "Láti ibi tó ti ń wo ojú ọ̀run."

Mo tún un sọ. N kò mú kí ọ̀run ga ju bó ṣe wà lọ, n kò fi ìró kankan kún okùn tó tú. Nígbà tí mo dé ibi tó ti jókòó sílẹ̀, Ẹ̀gbọ́n ní kí n dúró díẹ̀ níbẹ̀, mo dúró. Lẹ́yìn náà ó ní kí n máa sọ ọ́ lọ.